Kòtò ló kún inú káàdì kámẹ́rà mi: bí mo ṣe yan dash cam kejì

Ọjọ́ tí dánfó fi ẹ̀yìn wọ̀ mí lára l'Ọ́jọ́ta, mi ò tiẹ̀ kọ́kọ́ bínú, torí mo mọ̀ pé dash cam, ìyẹn kámẹ́rà tó ń ká ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójú títì sílẹ̀, wà nínú mọ́tò mi. A wà nínú gosiló àárọ̀, mo dúró, mo tẹ búrékì mọ́lẹ̀, dánfó iwájú mi ti sún síwájú díẹ̀, àfi bí kọ̀ǹdọ́ ṣe rí màmá kan tó gbé ẹrù, tó ń ké "Fádèyí! Fádèyí!" létí títì, ló bá lu ara ọkọ̀ gbàgbàgbà, díráfà fa rìfáàsì, kò wẹ̀yìn rárá, gbàmù! Bọ́nẹ́ẹ̀tì mi ká sókè, iná iwájú apá ọ̀tún fọ́. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ díráfà ti dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Màmá, ẹ ò wo iwájú ni? Ẹ̀yin lẹ gbá mi lẹ́yìn o!" Ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí, ẹni tó bá wà lẹ́yìn ni gbogbo ayé máa ń dá lẹ́bi. Àwọn tó pé jọ ò rí ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n kàn rí imú ọkọ̀ mi nídìí ọkọ̀ tiẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí lójú wọn.

Mo ní kí gbogbo wọn fara balẹ̀, mo ní kámẹ́rà. Mo tẹ̀ ẹ́ kó fi fídíò hàn wá. Fídíò tó kẹ́yìn nínú ẹ̀ ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ìgbà yẹn kò ká nǹkan kan sílẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ iná kékeré ara ẹ̀ ń tàn lójoojúmọ́ tí mo bá wọnú ọkọ̀. Èmi ni mo sanwó panel beater, èmi ni mo lọ ra iná iwájú ní Ládipọ̀, mo tún fún díráfà yẹn lówó bọ́ńpà kó tó jẹ́ kí n lọ síbi iṣẹ́. Owó yẹn dùn mí, àmọ́ ohun tó dùn mí jù ni pé wọ́n sọ mí di òpùrọ́ níbi tí mo ti ń sọ òótọ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn mo yọ káàdì náà, mo fi sínú láptọ́ọ̀pù, mo ń ṣí àwọn fídíò inú ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kòtò ni. Kòtò ẹnu géètì ẹ́sítéètì wa, kòtò iwájú ilé ìwé, kòtò ibi tí omi máa ń dúró sí kéèyàn tó jáde sí ẹ̀spíréèsì ní Magbọ̀rọ̀. Imú ọkọ̀ á rì, á tún gbéra sókè, mo tiẹ̀ ń gbọ́ ohùn ara mi nínú ẹ̀ tí mò ń sọ pé "pẹ̀lẹ́" fún ọmọ mi tó jókòó sẹ́yìn. Mo ṣí èyí tó tẹ̀ lé e, kòtò kan náà, ọjọ́ kejì. Gbogbo káàdì náà látòkèdélẹ̀, kòtò.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á torí àwọn tó ń tà á kì í sọ fúnni. Kámẹ́rà ọkọ̀ kì í ká fídíò gígùn kan ṣoṣo, ńṣe ló máa ń gé e sí oníṣẹ́jú 1 tàbí 3 tàbí 5, tí káàdì bá wá kún, á pa èyí tó pẹ́ jù rẹ́, á fi tuntun síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ láá ṣe máa yí po. Àmọ́ nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G-sensor, òun ló ń mọ̀ tí ọkọ̀ bá fò tàbí tí nǹkan bá gbá a, tí ara ẹ̀ bá ti sọ fún un báyìí, á ti fáìlì ìgbà yẹn pa kó má baà parẹ́, torí ó rò pé jàǹbá ló ṣẹlẹ̀. "High" ni wọ́n fi tèmi sí láti ilé iṣẹ́ tó ti wá, mi ò sì yí i. Káàdì 32GB ló wà nínú ẹ̀, fáìlì oníṣẹ́jú 3 kan tó nǹkan bíi 340MB, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, káàdì yẹn ò lè gbà ju bíi fáìlì 90 lọ. Kòtò 90 péré! Tèèyàn bá ń jáde ní àárọ̀, tó ń wọlé ní alẹ́ lọ́nà tiwa, ọ̀sẹ̀ méjì ti pọ̀ jù fún un. Nígbà tó ti gbogbo ẹ̀ pa tán, kò rí ibi tó máa kọ tuntun sí, ló bá dákẹ́.

Torí náà nígbà tí mo fẹ́ ra ìkejì, mi ò kọ́kọ́ wo 4K, ìyẹn bí àwòrán ẹ̀ ṣe mọ́ tó, mi ò wo bóyá ó lẹ́wà. Ohun tí mo kọ́kọ́ bi àwọn tó ń tà á ní Computer Village ni pé: G-sensor ẹ̀, ṣé mo lè fà á wálẹ̀ sí "Low" tàbí kí n pa á pátápátá? Tí àwọn fáìlì tó tì pa bá pọ̀, ṣé ó máa ń pa èyí tó pẹ́ jù nínú wọn rẹ́ fúnra ẹ̀? Tó bá fẹ́ dákẹ́, ṣé ó máa pariwo kí n gbọ́? Ẹni mẹ́ta ni mo bi, ẹnì kan ṣoṣo ló lè dá mi lóhùn. Àwọn méjì tó kù kàn ń sọ "Mummy, 4K ni o, ó ń rí òru."

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti oòrùn, torí òun náà ló ba àkọ́kọ́ jẹ́. Nígbà tí mo yọ ọ́ lára gíláàsì lọ́jọ́ yẹn, mo rí i pé ẹ̀yìn ẹ̀ ti wú. Síkírìnì ẹ̀ ti gbéra kúrò lára ike dúdú tó yí i ká, mo ti èékánná bọ àárín wọn, ó wọlé. Bátìrì lithium ló wà nínú ẹ̀, irú ti fóònù, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ọkọ̀ tí mò ń páàkì sí gbangba láti aago 8 àárọ̀ títí di aago 5 ìrọ̀lẹ́, tí kò sí igi, tí kò sí òrùlé. Ẹ fọwọ́ kan dáṣíbọ́ọ̀dù yín lọ́sàn-án oṣù Kẹta kẹ́ ẹ wò ó, inú ọkọ̀ tí wọ́n tì pa sínú oòrùn lè gbóná ju 60°C lọ nídìí gíláàsì yẹn. Ṣé ẹnikẹ́ni lè fi fóònù síbẹ̀ lójoojúmọ́ kó máa retí pé kò ní bàjẹ́?

Èyí tó bá ojú ọjọ́ tiwa mu ni èyí tí wọ́n fi supercapacitor ṣe dípò bátìrì. Ó máa ń fara da ooru ju bátìrì lọ, kò sì ní wú bẹ́ẹ̀ yẹn. Iná tó ń gbà sára ò pọ̀, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, ó kàn tó láti fi pa fáìlì tó ń ká lọ́wọ́ dé dáadáa nígbà tẹ́ ẹ bá pa ọkọ̀. Kò lè dá ká fídíò láìsí iná ọkọ̀, ìyẹn ò dà mí láàmú rárá. Ẹ ṣọ́ra o, ilé iṣẹ́ kan náà lè ṣe èyí tó ní bátìrì kó tún ṣe èyí tó ní supercapacitor, torí náà orúkọ nìkan ò tó, ẹ ka ara páálí ti èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà gan-an, tẹ́ ẹ bá rí "battery 300mAh" tàbí 500mAh níbẹ̀, ẹ gbé e padà fún wọn.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ọkọ̀ ló kàn. Tí kámẹ́rà bá rí dánfó àmọ́ tí kò rí nọ́ńbà ẹ̀, kí la fẹ́ fi ṣe? Dánfó yẹlò mélòó ló wà l'Ékòó? Nọ́ńbà tiwa, ilẹ̀ ẹ̀ funfun, lẹ́tà ti ọkọ̀ àdáni jẹ́ búlúù, ti ọkọ̀ èrò pupa, tí iná iwájú ọkọ̀ bá sì tàn sí i lálẹ́ ńṣe ló máa ń dán yanran, kámẹ́rà tí kò dáa á kàn ká pátákó funfun kan láìsí lẹ́tà kankan lára ẹ̀. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń fi 4K tan èèyàn. Àwọn kan wà tó jẹ́ 1080p lásán ni ojú kámẹ́rà wọn ń rí, wọ́n á wá fà á tóbi nínú kí wọ́n lè kọ 4K sára páálí, gẹ́gẹ́ bí ìgbà téèyàn bá fẹ fọ́tò kékeré, kò ní mọ́ sí i, á kàn tóbi. Ojú kámẹ́rà yẹn gan-an lẹ máa wò, ìyẹn sensor, àwọn tí mo rí tó dáa lálẹ́ ni àwọn tí wọ́n lo Sony STARVIS, STARVIS 2 ló tún dáa jù. Ohun tí mo ṣe ni pé mo wá fídíò tí àwọn tó ti rà á fúnra wọn ká lálẹ́ lórí YouTube, mi ò wo ti ilé iṣẹ́, mo dá a dúró níbi tí ọkọ̀ kan ti ń bọ̀ lódìkejì, mo wò ó bóyá mo lè ka nọ́ńbà ẹ̀. Èyí tí mi ò bá ti lè kà, mo fò ó.

Viofo A119 Mini 2 ni mo rà nígbẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni ò sanwó fún mi láti sọ bẹ́ẹ̀. 2K ni, STARVIS 2 ni, supercapacitor ni, kò tóbi, ó wọ ẹ̀yìn díńgí àárín dáadáa, ẹni tó wà níta ò ní tètè rí i. Owó ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́, mo sì fi oṣù méjì tọ́jú owó náà. Iwájú nìkan ló ń wò. Mo ronú gan-an lórí èyí tó ń wo iwájú àti ẹ̀yìn, torí ọ̀kadà ń gbá èèyàn lẹ́yìn, tírélà náà ńkọ́. Àmọ́ gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ mi ní tíǹtì tó ṣú, kámẹ́rà ẹ̀yìn ò ní rí nǹkan gidi lálẹ́ gba inú ẹ̀, mo wá fi owó yẹn ra káàdì tó dáa, mo sì fi san owó ẹni tó máa bá mi so ó. Tí gíláàsì ẹ̀yìn tiyín bá mọ́, tí owó sì wà, ẹ ra oníméjì.

Káàdì náà, áà, káàdì! Káàdì lásán tá à ń fi sínú fóònù kì í pẹ́ nínú kámẹ́rà ọkọ̀, torí fóònù ń kọ nǹkan sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kámẹ́rà ọkọ̀ ń kọ ọ́, ń pa á rẹ́, ń kọ ọ́, láti ilé dé ibi iṣẹ́. Èyí tí wọ́n kọ "Endurance" sí lára ni kẹ́ ẹ rà, SanDisk ń ṣe é, Samsung náà ń ṣe é. Ayédèrú ẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà gan-an, wọ́n á kọ 128GB sára èyí tó jẹ́ 8GB gan-an, fóònù yín á kà á sí 128GB, tó bá wá kọjá 8GB àwọn fídíò yín á máa bàjẹ́ láìsí pé nǹkan kan sọ fún yín. Mo gbé láptọ́ọ̀pù mi dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fi H2testw yẹ ẹ́ wò lójú ẹni tó ń tà á, ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, ohun tó ń ṣe ni pé á kọ nǹkan kún inú káàdì náà títí, á wá kà á padà bóyá gbogbo ẹ̀ pé. Ó pẹ́ gan-an, mo jókòó tì í, mo jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Káàdì àkọ́kọ́ tó mú wá já, ìkejì ló pé. Inú ẹ̀ ò dùn sí mi àmọ́ ó pààrọ̀ ẹ̀.

Ó wá kan síso ẹ̀. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí nǹkan ń gbé kọ́, mo ti rí fídíò ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ tẹ̀súbà tó kọ́ sára díńgí ló ń jù síwá sẹ́yìn níwájú kámẹ́rà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwa tá a máa ń tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì funfun sórí dáṣíbọ́ọ̀dù náà, tí oòrùn bá ràn ún, òjìji táwẹ́ẹ̀lì yẹn á hàn lára gíláàsì, á bo títì mọ́ kámẹ́rà lójú. Mo ká tèmi kúrò.

Rewáyà tó wá so ó fún mi, ọmọ dáadáa ni, ọwọ́ ẹ̀ yá, àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ni kó gé wáyà iná òkè inú ọkọ̀, kó lọ́ ọ mọ́ ti kámẹ́rà, kó fi téépù yí i. Mo ní, "Rewáyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé wáyà kankan." Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀ ma, bá a ṣe ń ṣe gbogbo ẹ̀ nìyẹn." Mo fi ohun kékeré kan tí mo rà hàn án, èyí tí wọ́n máa ń tì bọ ojú ibi tí fíúùsì wà, ó láyè fún fíúùsì méjì, ọ̀kan fún ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀kan fún kámẹ́rà, tí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀ fíúùsì kékeré yẹn ló máa jó, kì í ṣe ọkọ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò tìyanutìyanu, ó ní, "Ma, ibo lẹ ti rí èyí?" Ó ti ń bá àwọn oníbàárà tiẹ̀ rà á báyìí.

Nǹkan mìíràn tí mo bẹ̀ ẹ́ fún ni wáyà tó ń gba ara òpó gíláàsì wálẹ̀. Tí ọkọ̀ yín bá ní airbag nínú òpó yẹn, wáyà ò gbọ́dọ̀ gba iwájú ẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ló máa gbà, torí lọ́jọ́ tí airbag yẹn bá fẹ́ bẹ́ jáde, wáyà tó dí i lọ́nà lè dí i lọ́wọ́, tàbí kó fọ́n wáyà náà sí èèyàn lójú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìkánjú ṣe ibẹ̀ yẹn.

Mi ò so èyí tó ń ṣọ́ ọkọ̀ nígbà tó bá wà nílẹ̀. Bátìrì ọkọ̀ mi ti dàgbà, kámẹ́rà tó bá ń jẹ wáàtì 4 láti alẹ́ títí di àárọ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré fún bátìrì tó ń ronú kó tó jí lásìkò òjò. Tẹ́ ẹ bá máa so ó, ẹ ra èyí tó máa pa ara ẹ̀ tí iná bátìrì bá ti ń sún mọ́ 12V, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ máa wá ẹni tó máa bá yín ti ọkọ̀ láàárọ̀.

Aago! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Nígbà tí mò ń wo àwọn fídíò kòtò yẹn, mo rí i pé aago 2 ọ̀sán ló wà lára fídíò tí mo mọ̀ dájú pé aago 7 àárọ̀ ni, oòrùn ò tíì là dáadáa nínú ẹ̀. Wákàtí 7 gééré. Aago Ṣáínà ni wọ́n fi sí i láti ilé iṣẹ́, èmi ò yí i. Ká ní fídíò ọjọ́ dánfó yẹn tiẹ̀ wà, aago ara ẹ̀ á ti sọ pé ọ̀sán ló ṣẹlẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn á rí nǹkan dì mú. GMT+1 ni tiwa, ẹ fi sí i, èyí tó bá ní GPS á sì máa tún aago ẹ̀ ṣe fúnra ẹ̀.

Tí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ẹ pe nọ́ńbà ọkọ̀ náà jáde lẹ́nu, sókè, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ àwọ̀ ẹ̀ àti ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀. Mo ti fi kọ́ra báyìí, torí bí kámẹ́rà ò bá tiẹ̀ rí i, máìkì inú ẹ̀ á gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ yọ káàdì náà, ẹ fi òmíràn sínú kámẹ́rà, ẹ tọ́jú ti àkọ́kọ́ bó ṣe wà, ẹ má gé fídíò ẹ̀, ẹ má fi orin sí i. Òfin Evidence Act ti 2011 fàyè gba irú nǹkan báyìí ní kóòtù lábẹ́ section 84, àmọ́ ó ní bó ṣe gbọ́dọ̀ rí, títí kan ìwé ẹ̀rí tó máa sọ ẹ̀rọ tó mú un jáde àti bó ṣe mú un jáde, lọ́yà yín máa béèrè ojúlówó ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, torí tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fídíò lásán ó máa fún un pọ̀, nọ́ńbà tó hàn tẹ́lẹ̀ á wá dà bí ohun tí wọ́n fi èéfín kọ.

Máìkì yẹn, mo máa ń pa á tí mo bá gbé àwọn ará ibi iṣẹ́ mi, tàbí kí n sọ fún wọn pé ó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ nínú ọkọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ti onítọ̀hún ni. Àbúrò mi tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò láti orí ápù ní kámẹ́rà tó ń wo inú ọkọ̀, mo ní kó lẹ ìwé kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn síìtì tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún èrò, òfin ìdáàbòbò dátà wà nílẹ̀ yìí láti 2023, ó sì yẹ kí èèyàn mọ̀ tí wọ́n bá ń ká òun sílẹ̀. Ó ṣe é. Kò sí èrò kankan tó tíì bá a jà lórí ẹ̀.

Ó ti lé ní oṣù mẹ́rin tí ìkejì yìí ti wà lára gíláàsì mi. Ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, kí n tó fọ ọkọ̀, mo máa ń ṣí ápù ẹ̀ lórí fóònù, mo máa ń wo fídíò tó kẹ́yìn kí n lè mọ̀ pé ó ń ká, mo sì máa ń fi aṣọ nu ojú ẹ̀ àti gíláàsì iwájú ẹ̀, torí eruku ọyẹ́ ò mọ kámẹ́rà olówó ńlá yàtọ̀. Lánàá mo gba inú kòtò ẹnu géètì yẹn kọjá, wọn ò tíì dí i, ó tún ti jìn sí i, imú ọkọ̀ rì dáadáa. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo ṣí ápù. Kò ti fáìlì kankan pa.